Orúkọ Ajá Àǹtí Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán ná kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni mí. Mo mọ ohun tó sọ sí yín lọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé ìtàn ajá àti ilé oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ. Lókìlì kọ́ ló kàn o! Ajá tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi wọ ilé oúnjẹ náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ló sì fi jáde.

Nígbà ọlidé tó kọjá, Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ń gbé ní Sheffield nílùú Ọba, ní kí n wá kí àwọn. Àwọn ni wọ́n san owó físà, àwọn ni wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí n tó kúrò nílé, ìyá mi pè mí sí yàrá. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo rán ọ. Sọ fún un kó wálé. Ojú Ìyá ò ríran mọ́." Ìyá àgbà fúnra wọn sọ̀rọ̀ sínú fóònù mi, wọ́n ní kí n gbé e fún Àbẹ̀kẹ́ gbọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí Àǹtí ti wálé kẹ́yìn. Ọkọ wọn ti fi wọ́n sílẹ̀ nígbà náà torí ọ̀rọ̀ ọmọ. Dípò kí ẹbí kí wọn kú ẹ̀dùn ọkàn, ṣe ni kálukú jókòó yí wọn ká tó ń bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Àǹtí padà sílùú Ọba. Nígbà tó yá, wọ́n ra ajá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, tí kò sì fẹ́ jà, á fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá rẹ̀. Á pe ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la lójúde, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá á mu á sì jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Kílẹfẹ́ ni Àǹtí sọ ajá tiwọn. Kí lẹ fẹ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń bá wí. Ìyá mi wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn tí n ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àǹtí ní ká lọ sùn ní abúlé. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Edale, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni. Edale yìí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1965, ó sì gùn tó máìlì 268 títí wọ Scotland. Àwọn tó ní mọ́tò nílé ló ń fẹsẹ̀ rìn ín fún ìgbádùn o! Àgùntàn kún gbogbo orí òkè ibẹ̀. Àǹtí so okùn mọ́ Kílẹfẹ́ lọ́rùn, torí òfin wà níbẹ̀ láti 1953 pé bí ajá bá lé àgùntàn kiri nínú oko, olówó rẹ̀ ló máa jẹ́jọ́.

Nírọ̀lẹ́, òjò lé wa wọ pọ́ọ̀bù tá a máa sùn. Wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn gba ajá tọwọ́ tẹsẹ̀. Abọ́ omi ajá wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ilé, iná igi ń jó lára ògiri, ajá mẹ́ta sì nà gbalaja síwájú rẹ̀ bí àgbààgbà tó yó. Apá ibi tí wọ́n tẹ́ òkúta sí ni ti ajá, wọn ò gbà wọ́n láyè níbi tí kápẹ́ẹ̀tì wà. Ẹnikẹ́ni ò wá bá wa lórí ìjókòó. Ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, wàá sọ ohun tó o fẹ́, wàá sanwó.

Baba tó ni ilé náà kí ajá kó tó kí wa. Ó mú bisikíìtì jáde nínú ìgò, ó bi Àǹtí pé kí lorúkọ rẹ̀, kí ló sì túmọ̀ sí. Àǹtí dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó túmọ̀ sí, "Kí lẹ fẹ́?"

Baba náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ló yẹ kí n máa jẹ́ orúkọ yẹn! Ohun tí mò ń bi èèyàn látàárọ̀ nìyẹn." Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. N ò tíì rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

A jẹ páì ẹran màlúù tí wọ́n fi bíà sè, pẹ̀lú ànàmọ́ díndín. Ata kankan ò sí nínú ẹ̀. Àǹtí bojú wẹ̀yìn, wọ́n yọ ìgò ata gígún nínú báàgì. Ará Oǹdó ò lè sọnù jàre.

Yàrá wa wà lókè, bẹ́ẹ̀dì méjì. Pọ́n-ùn mẹ́wàá ni Àǹtí san lórí ajá. Òfin wà lára ìlẹ̀kùn: ẹ má fi ajá nìkan sílẹ̀ ní yàrá, ajá ò gbọdọ̀ gun bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n lu agogo nísàlẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí ìkẹyìn tètè wá rà á. Mo ní bí n ò bá jẹ́ iṣẹ́ yìí báyìí, n ò ní jẹ́ ẹ mọ́. Mo gbé fóònù jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ̀ka èdè Oǹdó ni Ìyá àgbà fi sọ ọ́, èmi ni mo tún un kọ báyìí: "Àbẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ní o ní ajá, wọ́n ní Kílẹfẹ́ lo sọ ọ́. Mo gbọ́. N ò mọ ohun táwọn yòókù máa sọ, èmi fẹ́ dáhùn tèmi. N ò fẹ́ ọmọ. N ò fẹ́ owó. Ìwọ ni mo fẹ́. Bí ojú mi ò bá tiẹ̀ rí ọ, jẹ́ kí ọwọ́ mi kàn ọ́."

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú fóònù. Ó dìde, ó na etí, ó ń wá ẹni tó pè é káàkiri yàrá. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó bá fò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbórí lé Àǹtí lẹ́sẹ̀. Àǹtí ò lé e. Wọn ò sunkún, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un gbọ́ nígbà mẹ́ta, wọ́n paná.

Láàárọ̀, àwa méjèèjì jọ ń ṣa irun ajá kúrò lára bẹ́ẹ̀ṣíìtì kí wọ́n má bàa bá wa wí. A sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ ẹyin, ẹ̀wà inú agolo àti sọ́séèjì. Baba náà ju ègé sọ́séèjì kan fún Kílẹfẹ́.

Àǹtí bi í bóyá ó mọ ẹnì kan nítòsí tó lè bá èèyàn tọ́jú ajá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó ní, "Nígbà wo?"

Àǹtí ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Oṣù Kejìlá."