Lẹ́tà láti London: Àwo Orin Kan àti Obìnrin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

London, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Sí gbogbo ará ilé,

Lẹ́tà yìí fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí a kì í yé bi ẹni tó bá wà lókè òkun, pé irú orin wo ni àwọn Òyìnbó ń gbọ́ nílùú wọn, àti pé kí ni ó wà nínú ariwo gìtá wọn tí ọmọ Yorùbá lè tẹ́tí sí.

Ẹ̀ka púpọ̀ ni orin rọ́ọ̀kì ní, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Rọ́ọ̀kì búlúùsì ni èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú orin tí àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, fi ń sọ ìpọ́njú wọn ní gúúsù ilẹ̀ náà. Rọ́ọ̀kì líle ni èyí tí gìtá oníná ti ń ké, tí ìlù sì ń dún kíkankíkan. Rọ́ọ̀kì onítẹ̀síwájú, tí ó gbilẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1960, ni èyí tí àwọn olórin rẹ̀ kọ̀ láti fi orin mọ sí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí rédíò ń fẹ́, tí ìlù ń yí padà nínú orin kan ṣoṣo, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ka ìlù lè ka márùn-ún tàbí méje níbi tí ó ti ń retí mẹ́rin. Kò sí èyí tí ó ti kú nínú wọn: ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì líle Deep Purple, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ṣì gbé àwo Whoosh! jáde ní 2020, bẹ́ẹ̀ ni Joe Bonamassa, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ta gìtá búlúùsì, ṣeré ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, tí Eric Clapton, àgbà onígìtá búlúùsì, fúnra rẹ̀ sì jáde wá bá a ta gìtá.

Kò yẹ kí gígùn orin wọ̀nyí ba Yorùbá lẹ́rù. Ẹni tó ti jókòó ti àwo Fela, níbi tí orin kan ti máa ń gba odindi ojú àwo kan, ti kọ́ sùúrù tí rọ́ọ̀kì onítẹ̀síwájú ń béèrè. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti London, mọ èyí, torí ó wá sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ síbẹ̀, ó sì lùlù pẹ̀lú Fela nínú àwo tó jáde ní 1971.

Àwo tí lẹ́tà yìí fẹ́ dúró lé lórí ni Hand. Cannot. Erase., tí Steven Wilson gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2015. Ọdún 1967 ni wọ́n bí Wilson, ní Kingston upon Thames, òun ni ó sì dá ẹgbẹ́ Porcupine Tree sílẹ̀. Ó tún ti bá àwọn ẹgbẹ́ King Crimson àti Jethro Tull tún àwọn àwo wọn àtijọ́ pò, ìyẹn ni pé ó mú ohùn àti ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tún wọn dà pọ̀ kí etí lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ohun tí ó sún Wilson ṣe Hand. Cannot. Erase. ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ó ń dá gbé ní Wood Green, ní àríwá London, tí ó kú sínú yàrá rẹ̀ ní ìparí ọdún 2003, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí di oṣù Kíní ọdún 2006, nígbà tí àwọn tó wá nítorí gbèsè owó ilé já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni ọdún 38 ni. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀bùn Kérésìmesì tí ó ti fi bébà wé sì wà nítòsí òkú rẹ̀. Kì í ṣe arúgbó, kì í sì í ṣe aláìlẹ́bí. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin, ó ti ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ńlá, ó sì ti ní ọ̀rẹ́ rí. Carol Morley fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fíìmù Dreams of a Life ní 2011, fíìmù náà ni Wilson sì wò.

Ẹni tí kò gbé London rí lè rò pé irọ́ ni. Ní agbo ilé wa, bí ìyá kan kò bá jáde gbá iwájú ilé rẹ̀ títí oòrùn fi mú, ẹnì kan yóò ti kan ilẹ̀kùn béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Níhìn-ín, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní oṣù Kejìlá, olúkúlùkù yóò wọlé ti ilẹ̀kùn, lẹ́tà yóò máa gba ihò ara ilẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀, báǹkì yóò sì máa yọ owó iná fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rí ojú ẹni tó ń sanwó. Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ. Ìlú kan wà tí ènìyàn pọ̀ sí bí eéṣú, tí ẹnì kan sì wà ní ìhòòhò láàárín wọn.

Wilson kò kọ ìtàn obìnrin náà bí ó ti rí gan-an. Ó ṣẹ̀dá obìnrin mìíràn, ó sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe. Nínú orin “Perfect Life”, ohùn obìnrin kan tí kò kọrin rárá, tí ó kàn ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ìlù ẹ̀rọ, rántí ọmọbìnrin kan tí wọ́n mú wá bá ìdílé rẹ̀ gbé fún oṣù díẹ̀, tí ó sì lọ. “Routine” ni orí iṣẹ́ náà, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́: ìyá kan tí ó pàdánù ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ ilé lọ bí ẹni pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá jẹun. Dùùrù ni ó bẹ̀rẹ̀, ohùn àwọn ọmọdékùnrin akọrin wọlé, Ninet Tayeb, akọrin ọmọ Ísírẹ́lì, gba orin náà lẹ́nu Wilson, ó sì mú un lọ díẹ̀díẹ̀ títí orin fi di igbe. Lẹ́yìn igbe náà gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, iṣẹ́ ilé sì tún bẹ̀rẹ̀. Nínú “Regret #9” kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Adam Holzman, tó ti bá Miles Davis, olórin jáàsì, ṣeré rí, fi dùùrù oníná sọ tirẹ̀, Guthrie Govan sì fi gìtá dá a lóhùn. Orin tí ó ń jẹ́ orúkọ àwo náà kò tó ìwọ̀nyí. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ jù fún ẹrù tó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo yìí má ṣe já orin kan gbọ́ kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀, nítorí ìtàn kan ni, ó sì lé ní wákàtí kan díẹ̀. Ní apá ìparí rẹ̀, nínú “Happy Returns”, obìnrin náà jókòó kọ lẹ́tà sí arákùnrin rẹ̀ tí kò tí ì gbúròó rẹ̀ tipẹ́. Ó kí i, ó ṣàlàyé pé ọdún ń kọjá, ó ní òun ṣì wà, lẹ́yìn náà ni ó ní oorun ti ń kun òun, pé ní ọ̀la ni òun yóò parí rẹ̀. Orin kékeré kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ni ó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni àwo náà sì parí sí. Lẹ́tà náà kò parí.