Ohùn Ìwé Mi, Ọwọ́ Mi Ló Wà

Ó ti pẹ́ tí a ti ń ra ohùn nílẹ̀ Yorùbá. Ewì Lánrewájú Adépọ̀jù àti ti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì, àwọn tí kò mọ̀wé kà pàápàá ń rà wọ́n. Mi ò ṣiyèméjì rí pé ìwé àfetígbọ́ á lójà. Bí òǹkọ̀wé tí kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ṣe máa tà á, tí owó á sì dé ọwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

ACX ni gbogbo ènìyàn ń júwe fún mi, òun ni òǹkọ̀wé ń gbà dé orí Audible, ilé ìtajà ìwé àfetígbọ́. Àmọ́ àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Ireland nìkan ni wọ́n ṣí i fún. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ẹni tí wọ́n gbà pàápàá kọ́ ló ń dá iye lé ìwé ara rẹ̀, Audible ló ń dá a. Mo bá kúkú pinnu láti máa ta tèmi fúnra mi.

Sitúdíò tí mo kọ́kọ́ lọ gbowó mi pé, MP3 nìkan ni wọ́n kó fún mi. Mo béèrè fáìlì WAV, ìyẹn ohùn tí a kò tíì fún pọ̀, wọ́n ní tiwọn ni, àfi kí n san owó mìíràn. A fà á títí, mi ò rí i gbà. Ó dùn mí wọra, torí MP3 tí a bá ń tún ṣe léraléra, ohùn rẹ̀ á máa bà jẹ́ sí i ni. Láti ìgbà náà, a ó ti kọ̀wé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu: tèmi ni WAV, ẹni tó ń kà á á sì gbowó lórí wákàtí ohùn tó bá parí.

Ilé ni mo ti gba ohùn ìwé kejì sílẹ̀, lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, tí àkùkọ ò sì tíì kọ. Mo pa fáànù, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé.

Ibi títà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fáìlì MP3 wákàtí kan ní 192 kbps tó 86 MB. Ìwé wákàtí mẹ́fà á lé ní 500 MB. Ta ni yóò fi dátà rẹ̀ wà á sílẹ̀? Mo sọ ọ́ di 64 kbps, wákàtí kan wá di 29 MB, ohùn ẹni tó ń kàwé ṣì já gaara. 01, 02 ni mo ń kọ sórí fáìlì orí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kọ 1 lásán, fóònù mìíràn á gbé orí kẹwàá ṣáájú orí kejì, oníbàárà á sì pè pé ìtàn náà rú òun lójú.

Selar, ìkànnì ìtajà kan, ni mo ń lò fún àwọn ará London àti Houston, torí ó ń gba pọ́n-ùn àti dọ́là. Fún àwọn ti ilé, Paystack ni mo fi ń gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń fi ₦100 kún un bí owó bá ti tó ₦2,500. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta ìwé kan ní ₦2,400: ₦36 péré ló ń lọ. Ká ní ₦2,500 ni, ₦137.50 ni ìbá lọ.

Síbẹ̀, mẹ́mọ́rì káàdì ló ń tà jù. Àwọn àgbà tó ní rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mọ́rì kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lìǹkì. Ọkùnrin kan ń bá mi tà á ní Dùgbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ìwàásù tó ń tà. Ìyá kan ní kí n fi í sínú rédíò òun níbẹ̀, ó dúró gbọ́ orí kìíní tán kó tó tú owó nídìí ìró. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá Yorùbá gidi ni."

Àwọn kan ń pín in lórí WhatsApp, mi ò lè dá wọn dúró. Mo kàn ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n lè fi rà á ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ló sì ti tibẹ̀ wá.

Gbogbo èyí ṣeé ṣe torí pé ẹ̀tọ́ ohùn ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìwé àdéhùn tí ẹ bá atẹ̀wé yín ṣe jáde, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ti fi ẹ̀tọ́ ohùn sílẹ̀ fún un. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.