Mẹ́jọ Tí Ó Di Mẹ́fà

Ní Ìgólò, níbi tí ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn ti parí tí Ìdí-Ìrókò sì bẹ̀rẹ̀, kò sí oníṣòwò kan tí kò ní ẹ̀rọ ìṣírò lọ́wọ́. Náírà ni ẹni tó ń bọ̀ láti òdì kejì mú dání, CFA ni tiwa, iye tí a sì fi ń pààrọ̀ wọn lè yí padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ̀rọ ìṣírò ìyá mi ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Epo pupa ti wọ ara rẹ̀, nọ́ńbà orí bọ́tìnnì mélòó kan ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n ìka wọn mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láìwò ó.

Mo wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kí Nàìjíríà tó ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ìyá mi gba ọjà ike ní àwìn lọ́wọ́ ìyá alájàpá kan láti Ìdí-Ìrókò, ẹni tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí àkókò owó tó, ìyá mi ṣí ìwé, wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ fi 166 000 náírà hàn. Wọ́n ka iye náà pé, wọ́n dì í, wọ́n fi rán ọlọ́kadà kan. Kò tó wákàtí méjì tí ìyá alájàpá fi dé pẹ̀lú ariwo: 186 000 ni owó wọn. Ọjà ti kún. Wọ́n lo ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Ìyá mi tún ìṣírò náà ṣe lórí bébà, wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni owó kù, wọ́n sì san 20 000 náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, gbogbo ìsọ̀ ló sì gbọ́ ọ. Ìyálọ́jà ní kí àwọn méjèèjì wá rí òun ní ọjọ́ Ajé.

Mo dé láti Kútọnu ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan fún mi. Àbúrò mi obìnrin ló rọ́ ọ nígbà tí wọ́n lọ wẹ̀. Mo mú ẹ̀rọ náà, mo tẹ mẹ́jọ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí mẹ́jọ lè kún ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Méje nínú wọn pé. Èyí tó wà ní ipò karùn-ún láti ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ẹgbẹẹgbàárùn-ún máa ń jókòó sí, jẹ́ mẹ́fà. Igi méje ni irú ẹ̀rọ yìí fi ń kọ nọ́ńbà, mẹ́jọ nìkan ló sì ń lo méjèèje. Bí igi àárín bá sọnù, mẹ́jọ á di òdo. Bí ti ìsàlẹ̀ lápá òsì bá sọnù, á di mẹ́sàn-án. Bí ti òkè lápá ọ̀tún bá sọnù, á di mẹ́fà. Nínú gbogbo nọ́ńbà, òun ló rọrùn jù láti sọ di òpùrọ́ láìjẹ́ pé ojú fura.

Mo sáré fi han ìyá mi. Wọ́n wò ó títí. “Ta ni yóò gbà gbọ́ pé ẹ̀rọ ló purọ́,” ni wọ́n wí, “kì í ṣe èmi?”

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú gíláàsì náà, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé iná kéékèèké ń jó níbẹ̀. Kò sí iná kankan tó ń jó. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ló ń wọlé tó sì ń jáde. Láàárín awẹ́ gíláàsì méjì, nínú àlàfo tí kò nípọn tó irun orí, ni wọ́n bu omi kan sí tí àwọn Faransé ń pè ní cristal liquide, kírísítà olómi: ó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ àwọn hóró rẹ̀ tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Friedrich Reinitzer ló ṣàkíyèsí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Prague ní ọdún 1888, nínú ohun kan tí ó ti ara kárọ́ọ̀tì rí, tó ń yọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì: ó kọ́kọ́ di omi tó ṣú bí omi ògì, lẹ́yìn náà ó mọ́ kedere.

Ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n bí okùn tí ọmọdé so orí rẹ̀ mọ́ igi, tó ń jù ú sókè sódò. Bí okùn náà bá gba àárín ọgbà tí a to ọ̀pá rẹ̀ ní òró, ìgbì rẹ̀ á kọjá. Bí ọgbà kejì bá wà níwájú tí a to ọ̀pá tirẹ̀ ní ìbú, ìgbì náà á kú síbẹ̀. Awẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn gíláàsì ni ọgbà méjèèjì. N óò máa pè wọ́n ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti dábùú ara wọn yẹn, ó yẹ kí òkùnkùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti to àwọn hóró kírísítà olómi sáàárín wọn bí àtẹ̀gùn tó ń lọ́, wọ́n sì ń yí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá asẹ́ kejì mu. Bí a bá wá fi iná mànàmáná sí i, àwọn hóró náà á dìde nàró, àtẹ̀gùn á tú, ìmọ́lẹ̀ á dé asẹ́ kejì láìtíì yí, yóò sì kú. Ibẹ̀ la ti ń rí igi dúdú. Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich ló tẹ àlàyé irú èyí jáde láti Basel ní 1971.

Agbára tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì nígbà náà ni ìwé wa ń pè ní champ électrique. Champ, oko. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pè é ní pápá iná, mo sì fara mọ́ ọn ju oko lọ, nítorí kò sí ẹni tó gbin nǹkan kan síbẹ̀. A kì í rí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ là ń wò kí a tó mọ̀ pé ó wà, bí a ti ń mọ afẹ́fẹ́ lára imọ̀ ọ̀pẹ.

Mo tú ẹ̀rọ náà lórí tábìlì ilé ìdáná. Láàárín gíláàsì àti pátákó iná rẹ̀, ọ̀já rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tó ní ìlà dúdú àti funfun. Àwọn ìlà dúdú ló ń gbé iná lọ bá àwọn igi. Ibì kan lórí rẹ̀ ti rin fún epo pupa àti eruku. Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, mo fi okùn wọn kan etí gíláàsì fúnra rẹ̀, mo ń wá ibi tó yẹ. Lójijì ni igi tó sọnù náà yọ, ó dúdú kirikiri. Gíláàsì kò ní àrùn. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Ó yẹ kí n gbé ẹ̀rọ náà lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, kí n nù ún lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì rí mẹ́fà tó padà di mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, ojú pátákó nìkan ni mo ti ń rí bí nǹkan ṣe ń dá pápá iná lóhùn. N kò tíì fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n rí. Mo yọ ohun tí a fi ń yí ohùn sókè lára rédíò àtijọ́ bàbá mi, òun ni mo fi ń bu iná bátìrì fóltì 9 díẹ̀díẹ̀. Mo fi bébà dúdú bo gíláàsì, mo dá ihò tó ṣe déédéé igi kan ṣoṣo. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, mo sì gbé ẹ̀yà iná kékeré kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà yóò bà lé e: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń dín, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣòro fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá, mítà á sì ka ìṣòro náà fún mi.

Ààbọ̀ fóltì: kò sí ìyàtọ̀. Fóltì kan: kò sí. Mo rò pé okùn ti já. Nígbà tí mo kọjá fóltì kan àti ààbọ̀ díẹ̀, nọ́ńbà orí mítà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí ó tó pé fóltì mẹ́ta, ó ti dúró, igi náà kò lè dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ya àwòrán rẹ̀: ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó wá gun òkè lójijì, tó tún tẹ́. Ojú gíláàsì ló di àwọn hóró náà mú. Iná gbọ́dọ̀ le dé ìwọ̀n kan kí wọ́n tó gbà láti dìde. Seuil ni ìwé Faransé pe ìwọ̀n yẹn. Ìloro ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tèmi.

Mo rò pé irú ìdùnnú tó bá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà ló bá John Kerr ní Glasgow ní 1875. Olùkọ́ ni, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ó dá ihò sínú gíláàsì tó nípọn, ó ti okùn iná bọ̀ ọ́ láti ìhà méjèèjì, ó sì fi asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì tó dábùú ara wọn sé e, títí òkùnkùn fi bò ó. Nígbà tó fi iná sí i, ìmọ́lẹ̀ padà wá. Ohun tó rí ni pé bí pápá iná bá di ìlọ́po méjì, ìdáhùn á di ìlọ́po mẹ́rin, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: bí a bá yí okùn padà, ohun kan náà la ó rí. Ní 1893 ni Friedrich Pockels, ará Jámánì, ṣàlàyé irú kejì, tó jẹ́ ti àwọn kírísítà líle kan: bí pápá iná bá di ìlọ́po méjì, ìdáhùn á di ìlọ́po méjì, bí a bá sì yí iná padà, ìdáhùn náà á yí padà. Irú kírísítà bẹ́ẹ̀ ni a sábà máa ń lò ní ẹnu àwọn okùn abẹ́ òkun, irú SAT-3 tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, láti kọ ọ̀rọ̀ wa sórí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Pockels obìnrin, Agnes, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìdílé náà. Wọn kì í gba obìnrin sí yunifásítì nígbà náà. Ilé ìdáná ló ti ń wọn bí ojú omi ṣe ń fà, ìwé ìròyìn Nature sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1891.

Gbogbo ẹni tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ló mọ̀ pé a kì í fi iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo sórí kírísítà olómi fún ìgbà pípẹ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ máa ń fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó wà nínú gíláàsì ká. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ rí nínú ìdánwò. Síbẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá dúdú náà ń yí padà bí ó bá pẹ́. Mo so bátìrì fóltì 9 náà mọ́ igi yẹn, mo lọ sùn. Ní ọjọ́ Àìkú a lọ sí ìsìnkú kan ní Bánígbé, mo gbàgbé. Ní àárọ̀ Ajé, nígbà tí mo tú okùn, àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú kan ló kù síbẹ̀, kò sì gbọ́ ti iná mọ́. Mo nu rọ́bà náà mọ́, mo to ẹ̀rọ padà, mo tẹ mẹ́jọ. Mẹ́fà ni. Mo ti pa ẹlẹ́rìí mi.

Ìyálọ́jà pè wá ní ọ̀sán. Ìyá alájàpá fúnra wọn gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ mẹ́jọ títí ó fi kún, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. “Háà,” ni wọ́n wí, “mẹ́fà ni lóòótọ́.” Wọ́n yíjú sí ìyá mi, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ wọn padà lójú gbogbo ọjà, bí wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo ọjà.

Mo dúró níbẹ̀, n kò la ẹnu. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ojú rí kì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Epo pupa ló fa mẹ́fà ti ìṣáájú. Èmi ni mo fa èyí. Bí ẹnìkan bá fi irú rẹ̀ sínú mémoire, èmi ni n óò kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá a padà.

Ní alẹ́, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn kò sì dẹ́kun. “Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ́la,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, “kí ni mo fẹ́ wí? Lọ sọ fún wọn.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba Ìdí-Ìrókò lọ, mo mú gíláàsì náà dání pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì àti okùn. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, títí dé orí rédíò bàbá mi. Ìyá alájàpá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Owó mi ti pé,” ni wọ́n wí, “ọ̀rọ̀ tí mo sì fà padà, mo ti fà á padà. Ṣùgbọ́n ṣé o lè ṣe é kí n rí i?”

Mo fi okùn kan igi mìíràn, igi náà sì yọ. Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ mi. “Bí mo bá wá yí i padà ńkọ́, tí mo fi ti orí sí ti ìdí?” Olùkọ́ wa ti bi wá ní ìbéèrè yẹn gan-an ní kíláàsì, kò sì sí ẹni tó nawọ́. Mo ní kí wọ́n yí i wò. Wọ́n yí i, ó dúdú bákan náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀yìn gíláàsì wò, wọ́n tún yí okùn, wọ́n sì ń bá a lọ láti igi dé igi, títí oníbàárà kan fi pè wọ́n láti iwájú ìsọ̀.