Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò nígbà tí wọ́n sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ti mọ òwe yìí láti kékeré, tí a sì ti fi gba máàkì nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ òwe, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀ràn tí a pa á fún dé bá a. Ẹja wẹ́wẹ́ tí kò gùn tó ìka ọwọ́ mi ni ó là mí lójú sí ìtumọ̀ òwe náà, ní ọjà Relief ní ìlú Onitsha, ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi fara balẹ̀ bá mi lọ, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni n óò fi parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà náà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Màmá Onitsha ni gbogbo ẹbí ń pè é, èdè Ìgbò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni tí a bí síbẹ̀. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ kí i, mo sì ń bá a jókòó ní ìsọ̀ lójoojúmọ́. Lórí pẹpẹ kan lẹ́yìn àwọn àpò ẹ̀wà ni àpótí gíláàsì kan wà tí ó gba omi lítà 60, ẹja mẹ́sàn-án sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, ni ó ni wọ́n. Ìlú òkèèrè ni ìyá ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní alaalẹ́ tí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, ọmọ náà a máa ka ẹja rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀kan títí dé orí mẹ́sàn-án.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹja òyìnbó ni wọ́n. Oríṣi méjì ni ó wà nínú àpótí náà, omi ilẹ̀ wa sì ni orírun àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin. George Boulenger, onímọ̀ ẹja ní ìlú London, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1901. Èkejì ni Arnoldichthys spilopterus, ẹja ìsàlẹ̀ Odò Ọya, èyí tí Boulenger kan náà ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1909. Àgbà nínú wọn kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti tàn dé Jámánì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn, tí àwọn ènìyàn ń sìn wọ́n sínú ilé fún ẹwà wọn. Etí Odò Ọya yìí gan-an ni a sì tẹ Onitsha dó sí. Ẹja tí ó wà ní ìsọ̀ Màmá Onitsha kò jìnnà sí ilé baba rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú àpótí kì í ṣe inú odò. Nítorí náà ni a ṣe fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà, tí iná mànàmáná ń yí, tí ó ń fa omi wọlé láti ẹnu kan, tí ó ń sẹ́ ẹ, tí ó sì ń tú u jáde láti ẹnu kejì. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ẹ̀rọ asẹ́mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣí ìsọ̀ ní òwúrọ̀, tí a tan ẹ̀rọ, tí a sì bá ẹja kan tí ó lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ti ya, tí ìpẹ́ rẹ̀ sì ti bó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kú. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé nígbà tí ó ku mẹ́fà, mẹ́sàn-án ni ọmọ náà ṣì ń kà fún ìyá rẹ̀.

"Tíṣà," ni Màmá Onitsha wí, nítorí orúkọ tí ó ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, "yọ ẹ̀rọ burúkú yẹn kúrò fún mi. Ohun tí a rà kí ó máa tọ́jú ẹja ni ó ń pa ẹja."

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ mú sùúrù," ni mo dá a lóhùn. "Bí a bá yọ ọ́, ẹja tí ẹ̀rọ kò pa, ìdọ̀tí ara wọn ni yóò pa wọ́n."

"Ta ni ó rí i rí kí ìdọ̀tí pa ẹja? Ṣé wọ́n máa ń gbá inú odò ni?"

"Odò ń ṣàn, mà. Omi inú àpótí kò ríbi lọ."

Òtítọ́ ni mo sọ fún un. Ẹja máa ń tu oró kan tí à ń pè ní amóníà sínú omi, àjẹkù oúnjẹ tí ó bá sì jẹrà ń fi kún un. Nínú fóòmù tí ó wà ní ikùn ẹ̀rọ asẹ́mi ni àwọn bakitéríà ń gbé, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ni wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ṣì ní oró, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ le, tí a lè fi pípààrọ̀ omi dín kù. Ẹni tí ó bá yọ ẹ̀rọ náà dànù ti lé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lọ. Orí ni ó bẹ́ nítorí pé orí ń fọ́.

Kí wá ni ó ń fọ́ orí náà? Mo wo ara ẹ̀rọ, mo sì rí i pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè yí omi lítà 800 po ní wákàtí kan. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń sin ẹja ni pé kí ẹ̀rọ yí omi àpótí po ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ní wákàtí kan. Fún lítà 60, èyí kò ju 240 sí 300 lọ. Agbára ẹ̀rọ yìí ju ìlọ́po mẹ́tàlá lọ. Ihò ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lè gba ibẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì yìí ni ìpalára fi ń wá: ẹja ńlá a lẹ̀ mọ́ ẹnu, ẹja kékeré a gba ẹnu wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń fa omi odò láti fi tu ẹ̀rọ wọn lára. Ní Amẹ́ríkà, òfin omi mímọ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972 pa á láṣẹ pé kí a ṣe ẹnu ibi tí a ti ń fa irú omi bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí ìpalára rẹ̀ yóò fi kéré jù lọ. Wọn kò ti ilé-iṣẹ́ pa. Ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé ni wọ́n ní kí wọ́n tún ṣe.

Síbẹ̀ ìbéèrè kan kù. Ẹja tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń lè lúwẹ̀ẹ́ kúrò níwájú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ni ó ń mú wọn? Òru ni ìdáhùn wà. Bí Màmá Onitsha bá fẹ́ ti ìsọ̀, gbogbo iná ni ó ń pa. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Ní ọdún 2019, ọkọ̀ epo kan dànù ní Onitsha, iná tí ó sì dá sílẹ̀ jó ilé àti ìsọ̀ ní àgbègbè ọjà Ochanja. Oníṣòwò wo ni yóò gbọ́ èyí tí yóò fi iná sílẹ̀ lóru? Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ asẹ́mi bá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ a tán, àwọn bakitéríà inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a tan ẹ̀rọ, omi bíbàjẹ́ yìí ni ó ń kọ́kọ́ tú lu ẹja tí kò rí èémí tó mí mọ́jú. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Ẹ̀rọ kàn ń mú èyí tí òru ti ṣá lọ́gbẹ́ ni.

Bí a ti mọ ìdí, iṣẹ́ kò le mọ́. Nínú ọjà Relief náà ni mo ti ra fóòmù tí kò ní ọṣẹ tàbí oògùn kankan nínú. Mo fi omi lásán fọ̀ ọ́, mo dá a lu láàárín, mo sì fi bọ ẹnu ẹ̀rọ bí fìlà. Omi ń gba ara rẹ̀ kọjá, ẹja kò lè kọjá, agbára tí ń fa omi sì tàn ká ojú fóòmù dípò kí ó dojú kọ ibì kan ṣoṣo. Mo yí bọ́tìnì ẹ̀rọ sí ibi tí agbára rẹ̀ kéré jù, mo sì kọ ẹnu ìtúmi sí ara gíláàsì kí ìgbì rẹ̀ lè rọ̀. A ra ẹ̀rọ kékeré tí ń fi bátìrì fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, kí ó máa ṣiṣẹ́ lóru. Ní òwúrọ̀, a máa ń kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀rọ asẹ́mi nù kí a tó tàn án. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi, omi àpótí tí a bù jáde náà ni a sì fi ń fọ fóòmù, nítorí pé kúlórínì tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ ìjọba lè pa àwọn bakitéríà.

Mo kọ́ ọmọ náà pé bí ó bá tún rí ẹja tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kí ó má ṣe fà á. Kí ó pe àgbàlagbà kí ó pa ẹ̀rọ ná, ẹja yóò sì já fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ sínú omi mímọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ti àpótí. Bí ìdí ìrù kò bá bàjẹ́, ìrù yóò tún hù.

Kò sí èyí tí ó kú mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Màmá Onitsha fẹ́ bá ọmọ náà wí nítorí irọ́ tí ó ń pa fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí a fi fóòmù sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ọmọ náà ka mẹ́fà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a óò dúró níwájú ọmọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ilé-ìwé, ìdánwò àti ìbáwí ni ẹ̀rọ asẹ́mi tiwa. Láìsí wọn, ìdọ̀tí ni yóò bo gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á máa wo ẹnu ẹ̀rọ náà bóyá agbára rẹ̀ kò pọ̀ ju ọmọ lọ. Bí ọmọ kan bá sì ń pẹ́ dé, tí ó ń sùn ní kíláàsì, tí òfin ń mú un lójoojúmọ́, kí á má ṣe wí pé òfin kò dára, kí á má sì ṣe wí pé ọmọ kò wúlò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè bí òru ọmọ náà ti rí: ṣé ó jẹun sùn, ṣé ó sùn rárá, ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé? Olùkọ́ tí kò bá béèrè òru kò lè mọ òwúrọ̀ ọmọ. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí a óò fi rí i, àti ọwọ́ tí a óò fi tún un ṣe.