Lita Ford àti Gìtá Ọrùn Rẹ̀

Nínú orin glam metal ti Los Angeles ní àwọn ọdún 1980, ọkùnrin ló ń lé tìróò, àwọn ló ń ṣe irun lóge bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Síbẹ̀, Lita Ford tó ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ The Runaways láti 1975 títí wọ́n fi túká ní 1979 ni a wá ń wò bí àjèjì láàárín wọn.

Ó dá àwo méjì ṣe, ní 1983 àti 1984. Ìkẹta tó tẹ̀ lé wọn, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò gbé e jáde. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn kí àwo Lita tó jáde ní 1988.

Orin tó gòkè jù nínú rẹ̀ ni "Close My Eyes Forever", tó dé ipò 8 lórí àtẹ Billboard ní 1989. Òun àti Ozzy Osbourne ni wọ́n jọ kọ ọ́, àmọ́ (bí ayé ti rí) orúkọ Ozzy ló sábà ń yá lẹ́nu.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Lita, kó gbọ́ "Kiss Me Deadly". Ẹlòmíràn ló kọ orin náà, ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin, ìka Lita ló wà lórí okùn.