Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́ta ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Faransé

Àwọn àgbà a máa wí pé ara kì í ṣe òkúta. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu tí kò fi í ṣe ìwà hù. Ọ̀kan nínú wọn ni baálé ilé kan, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá ìlú Kétu ní ilẹ̀ Benin, ẹni tí ó ti fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ní Paris, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń jáde nílé. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni ó tó máa ń padà. Bí ó bá ń jẹun, aago ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń wò. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, “Ó dára” ni ó fi ń dá a lóhùn kí ó tó gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ọdún mẹ́fà sì ti kọjá tí ó ti fi ojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìgbàkúùgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá dárúkọ ilé, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́: iṣẹ́ kò gbà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan, dókítà kìlọ̀ fún un pé bí kò bá fún ara rẹ̀ ní ìsinmi, ara náà yóò fi tipátipá sinmi fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò dúró gbọ́ àwíjàre. Ó ra ìwé ọkọ̀ ojú irin fún àwọn méjèèjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Austerlitz, wọ́n sì kọrí sí ìhà gúúsù. Nígbà tí ó di ọ̀sán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Brive, wọ́n sì yá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan níbẹ̀.

Abúlé àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ni Collonges-la-Rouge. Òkúta pupa ni a fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí wọn lára, ènìyàn yóò ṣebí osùn ni a fi kùn wọ́n. Ní abúlé yìí ni Charles Ceyrac, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, ti ronú ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 fún àwọn abúlé tí ó lẹ́wà jù lọ ní ilẹ̀ Faransé. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí ìlú ńlá, àwọn ilé àtijọ́ sì ń ṣófo. Abúlé tí yóò bá wọ ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ ní ju 2,000 ènìyàn lọ, ó kéré tán ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi méjì tí òfin dáàbò bò nítorí ìtàn tàbí ẹwà wọn. Lónìí, àwọn abúlé inú ẹgbẹ́ náà ti ju 170 lọ.

Ọkùnrin náà rìn káàkiri Collonges bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ó fi béèrè pé níbo ni ó kù. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, kò sí ibi tí ó kù. Ibi tí a wà yìí náà ni.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dé àfonífojì odò Dordogne, wọ́n sì wọ̀ sí ilé opó àgbàlagbà kan tí ó máa ń gba àlejò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ jáde lọ ra búrẹ́dì, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bí ó ti wọ inú ilé ìtajà, kíá ni ó wí pé, “Búrẹ́dì méjì.” Obìnrin tí ń ta búrẹ́dì wò ó, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn rọra wí pé, “Ẹ káàárọ̀ o.” Ojú ti ọkùnrin náà. Nítorí ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, a kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó kí i. Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà tí kò kí ènìyàn, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò kà á sí. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyàwó rẹ̀ wí pé, “Ẹ̀kọ́ ilé wa nìyí. Ìwọ̀nba ìkánjú Paris ni ó mú wa gbàgbé rẹ̀.” Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà tí ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ kí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, wọ́n lọ sí La Roque-Gageac, abúlé kan tí ó há sí àárín àpáta gíga àti odò. Ẹ̀yìn àwọn ilé fi ara ti àpáta. Iwájú wọn ń wo omi. Ewu wà nínú ẹwà náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1957, apá kan nínú àpáta náà já lulẹ̀, ó wó àwọn ilé kan, ó sì pa ènìyàn mẹ́ta. Síbẹ̀ àwọn ará abúlé kò sá lọ. Wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n sì tún abúlé wọn kọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ti ń gun ọ̀nà tóóró kan ní ẹsẹ̀ àpáta náà, ìyàwó dúró lójijì, ó ní, “Ẹ wò ó! Ọ̀gẹ̀dẹ̀!” Òótọ́ ni. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀pẹ bíi mélòó kan, ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú bí yìnyín. Ohun tí ó fà á ni pé àpáta náà kọ ojú sí gúúsù. Ó ń gba oòrùn sára ní gbogbo ọjọ́, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ àríwá mọ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ní ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀, igbó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó wà. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, kò sì wo aago.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gun òkè lọ sí Domme, ìlú olódi tí Ọba Philippe Kẹta tẹ̀ dó ní ọdún 1281. Àwọn ẹnu-ibodè rẹ̀ ṣì dúró. Bí ọkọ ti rí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn Àkàbà Ìdẹ́nà fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ẹnu-ibodè odi ìlú Kétu tí ó wà títí di òní, àti bí bàbá rẹ̀ ti máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú bí wọ́n bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà. Ìyàwó rẹ̀ kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ ọ kí ó sọ̀rọ̀ báyìí.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ sí Beynac. Ilé ọba àtijọ́ kan wà lórí àpáta níbẹ̀. Ní òdìkejì odò, a ń wo òmíràn, Castelnaud ni orúkọ rẹ̀. Nígbà ogun tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún, èyí tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà láti ọdún 1337 sí 1453, àwọn ilé olódi méjèèjì yìí di ọ̀tá ara wọn. Lónìí, àwọn ọmọdé a máa tu ọkọ̀ kékeré kọjá láàárín wọn. Tọkọtaya náà jókòó sí etí odò, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàrà ewúrẹ́ àti èso igi kan tí ó jọ àsálà, èyí tí ó pọ̀ ní agbègbè náà. Ìyàwó wí pé, “Omi odò kan náà ni wọ́n jọ ń mu o, tí wọ́n fi kọ̀yìn sí ara wọn tó báyẹn.” Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òkúta nìkan ni ó ń bá wí.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, wọ́n dúró níwájú òkúta ìrántí kan ní gbangba abúlé kékeré kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé tí kò ní irú rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ abúlé tí ó kú nínú ogun 1914 sí 1918 ni a kọ sára rẹ̀. Ní ibì kan, orúkọ ìdílé kan náà tẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Láti Dahomey pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe Benin títí di ọdún 1975, ni a ti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá sí ogun náà. Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyí fẹ́ padà sílé, wọn kò rí ọ̀nà.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, opó tí ó gbà wọ́n sílé se oúnjẹ fún wọn. Kọ́kọ́rọ́ méje ni a fi kọ́ sára ògiri yàrá ìdáná rẹ̀. Ìyàwó béèrè ohun tí ó ń fi wọ́n ṣe. Obìnrin náà dáhùn pé ti àwọn ilé aládùúgbò ni. Òkú ni díẹ̀ nínú àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn wà ní ìlú ńlá. Òun ni ó ń lọ ṣí fèrèsé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ilé má baà bu. Nígbà òtútù, ilé mẹ́ta péré ni iná máa ń tàn nínú rẹ̀ ní òpópónà náà.

Ọkùnrin náà bi í pé, “Ìyá, àwọn ọmọ tiyín ńkọ́?”

Ó ní, “Méjì ni wọ́n. Paris ni wọ́n wà. Wọ́n máa ń wá ní oṣù Kẹjọ. Lọ́dún yìí wọn kò wá.” Ó rọra gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lórí tábìlì. “Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Iṣẹ́ ni kò gbà.”

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó sọ. Ìyàwó tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè gbé òkèlè tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Òru méjì àkọ́kọ́ ni ó ti fi sùn bí ọmọdé. Ní òru yìí, oorun kò kùn ún. Ó dùbúlẹ̀, ó ń rántí ilé alámọ̀ kan lẹ́bàá Kétu, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ń ṣí fèrèsé ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ padà sí Paris, ó pe ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá náà sọ ni pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan?” Nítorí pé bí ọ̀ràn kò bá sí, ọmọ rẹ̀ kì í pè é. Ó dáhùn pé, “Kò sí nǹkan, ìyá mi. Mo kàn ní kí n kí yín ni.” Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kí i, ó kí i tẹ̀yìn tẹ̀yìn, ó kí ìyàwó, ó kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀, kò kánjú. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Limoges, ó ti bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yóò gba ìsinmi ní oṣù Kejìlá.

Ẹni tí ó bá lọ sinmi ní ìgbèríko a máa rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni òun lọ wá. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe òfìfo. Bí ariwo iṣẹ́ bá ti lọ sílẹ̀, nígbà náà ni etí yóò tó gbọ́ ohùn ẹni tí ó ti ń pe ni láti ọjọ́ pípẹ́.