Ọ́ìlì Tí Mo Fà Jáde

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ̀ mí sí ẹni tí ń bá ìwé gírámà wọ̀yá ìjà, ẹ má bú sẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé wá lónìí. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí nínú.

Ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ wa dáṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Ọ̀wàrà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ránṣẹ́ pè mí sí ìlú Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Ìlú adágún ni. Ibi tí ènìyàn bá yíjú sí, omi ni. Bọ̀dá mi ní ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń fa ènìyàn lórí omi: onítọ̀hún yóò ki ẹsẹ̀ bọ pákó pẹlẹbẹ, yóò di okùn mú, ọkọ̀ yóò sì máa wọ́ ọ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Eré náà kò tíì gbó púpọ̀. Ní 1922 ni Ralph Samuelson kọ́kọ́ dán an wò lórí adágún kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ọkọ̀ Bọ̀dá mi ń jẹ́ Ski Nautique, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Correct Craft ti ń ṣe láti 1961 ní agbègbè Orlando kan náà.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sí ní ìdí ọkọ̀ bí ti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a ń rí lórí ọ̀sà l'Ékòó. Àárín gbùngbùn ni ó wà, nínú àpótí. Gíábọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ọ̀pá irin gígùn kan sì ti ibẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ jáde lọ bá abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti omi sẹ́yìn. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni gíábọ́ọ̀sì yìí mọ̀: iwájú, ẹ̀yìn, àti fíríì. Ọ́ìlì pupa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù kan ń ti ọ́ìlì náà, agbára rẹ̀ ni ó sì ń fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra. Bí ọ́ìlì kò bá tó, ẹ́ńjìnì a máa ké, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní kúlà, níbi tí omi adágún ti ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ọ́ìlì kí ó lè tutù.

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ilẹ̀ Cuba, ni mẹkáníìkì wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń wí yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì náà ni. Bọ̀dá mi ti kọ́ mi bí a ti ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì mọ́tò rẹ̀: ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo sọ nínú ara mi pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì í jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí àpótí ẹ́ńjìnì, mo yí orí gééjì gíábọ́ọ̀sì, mo fà á yọ, mo nù ún, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Háà! Ọ́ìlì fi bí ìka méjì ga ju àmì lọ. Mo sì ti kà á rí pé bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, yóò hó bí ọṣẹ, gíábọ́ọ̀sì yóò sì gbóná. Mo mú pọ́ǹpù tí a fi ń fa ọ́ìlì, mo ti rọ́bà rẹ̀ bọ ojú ihò gééjì, mo fà á títí ó fi kù sí ojú àmì gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò líta kan. Mo fi ìgò náà pamọ́ sí abẹ́ tábìlì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé mo fẹ́ fi ṣe fáàrí lálẹ́ ọjọ́ kejì pé mo tún iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a lọ sójú omi. Ọmọ Bọ̀dá mi, ọmọ ọdún méjìlá, ni ó kọ́kọ́ gun pákó. Ó yọ̀ lọ, ó yọ̀ bọ̀, ìyá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ṣubú. Bọ̀dá mi yí ọkọ̀ padà láti lọ gbé e. Bí ọkọ̀ ti yí báyìí, ẹ́ńjìnì ké tòò, ọkọ̀ sì dúró. Bọ̀dá fi í sí fíríì, ó tún fi í sí iwájú. Igbe nìkan ni à ń gbọ́. Orí ọmọ náà rí bí àgbọn kan lórí omi lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ pẹ̀lú eré burúkú, ẹni tí ń wà á kọjú sí ẹlòmíràn, ó ń rẹ́rìn-ín.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ́ sómi. Ìyàwó Bọ̀dá mi bọ́ gèlè pupa rẹ̀, ó ń jù ú lókè, ó ń pariwo. Ọkọ̀ yẹn yà. Ó yà ní ibi tí ìgbì rẹ̀ fi gbá èmi àti ọmọ náà lójú.

Ọkọ̀ yẹn náà ni ó fà wá dé èbúté. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti fa gééjì yọ: ọ́ìlì kò ju ẹnu rẹ̀ lọ. Inú bí i. Ó ní bàbá yẹn ti jí òun ní ọ́ìlì, pé owó ìgò méjì ni ó gbà, ìgò kan ni ó dà sí i, àti pé òun yóò sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ òun tí ó ní ọkọ̀ kí wọ́n má gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Èmi? Mo dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Mo jẹun alẹ́. Mo tilẹ̀ mi orí nígbà tí wọ́n ń bú bàbá náà.

N kò sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo mú ìgò lábẹ́ tábìlì, mo kan ilẹ̀kùn. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fà á.” Ó wo ìgò náà, ó wò mí. N kò tíì rí i kí ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, “Wọ bàtà rẹ.”

Bàbá náà ti gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án lórí fóònù láti àná. Èdè Sípéènì ni mo fi ro ẹjọ́ mi fún un, èdè tí mo gba máàkì rere nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń bọ́ lẹ́nu mi. Kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: ṣé ẹ́ńjìnì ti ṣiṣẹ́ kí n tó wo gééjì?

Ó wá là á yé mi. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, ọ́ìlì tí ó wà nínú kúlà àti nínú àwọn rọ́bà rẹ̀ yóò ṣàn padà sínú gíábọ́ọ̀sì, yóò sì ga lójú ẹni tí ó bá wò ó. A gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnì kí ó gbóná, kí a pa á, kí a sì wo gééjì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo fà jáde kì í ṣe àjùlọ rárá, ti kúlà ni. Ọkọ̀ ṣì lè lọ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń lọ gbọọrọ. Nígbà tí ó yí, ìwọ̀nba ọ́ìlì tí ó kù gbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù sì fa afẹ́fẹ́.

Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Mo fa èyí tí ó kù jáde. Ó fi ìka méjì pa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ti dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Bí ó bá funfun bí ẹni da mílíìkì sí i, omi ti wọ̀ ọ́ láti inú kúlà. Pupa ni, ó mọ́. Mo da tuntun sí i, a fi họ́ọ̀sì fún ẹ́ńjìnì lómi, a tàn án, a pa á, mo wo gééjì, mo bù díẹ̀ kún un, a tún tàn án. Ìgbà mẹ́ta ni a ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tẹ́ bàbá lọ́rùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíábọ́ọ̀sì, ó ní, “Aché.” Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ń pè é nílé. Ó ní ìyá-ìyá òun ni ó ń sọ ọ́.

Bọ̀dá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú mi, ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro lẹ́nu rẹ̀. Bàbá kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí èmi. Owó tí mo ti tò jọ láti fi ra ìwé atúmọ̀ èdè ni mo fi san án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a tún lọ sójú omi. Ọmọ náà wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó gbé pákó lé itan, kò sì sọ̀kalẹ̀. Ó wò mí.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ wo gééjì?”

Mo ní èmi ni. Ó ní kí n tún un wò.